Kó Tó Di Màgàríbì

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náírà fún ojúmọ́ kan,
lẹ́ńsì lọ́tọ̀, bátìrì kejì lọ́tọ̀,
ìyá mi tẹ̀ka sínú ìwé pé òun ni onígbọ̀wọ́.
Bùròdá Núhù na kámẹ́rà sí mi láti ẹ̀yìn káńtà
ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Táíwò Ìsàlẹ̀.
Kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀ tán tó fi sọ ọ́:
"Kó tó di Màgàríbì o."

Okùn rẹ̀ ń rùn fún òógùn ọrùn ẹlòmíràn.
Nínú káàdì, ẹnìkan gbàgbé ìyàwó kan síbẹ̀,
ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré:
ó rẹ́rìn-ín, ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ó tán.
Mi ò pa á rẹ́. Kì í ṣe tèmi láti pa.

Wọ́n ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni, á ṣo ni.
Èyí kò fún mi, kò ṣo mi.
Ó bá mi mu rẹ́gí,
ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Dàda ní Òkèlele ni mo gbé e lọ,
sọ́dọ̀ Ìyá Àwáwù tí ń mọ ìkòkò.
Ó da ìkòkò àtijọ́ kan dojú bolẹ̀,
ó na amọ̀ tútù lé e nídìí bí ẹni ń daṣọ bo ọmọ.
Mo bi í bóyá òun ló ni ti abẹ́ yẹn.
"Ìyá ọkọ mi ló ni ín.
Ó ti kú, ṣùgbọ́n mo máa ń lálàá pé ó wá gbà á."

Mo ya ọwọ́ rẹ̀, mo ya amọ̀ abẹ́ èékánná,
mo ya ewúrẹ́ tó wá wòran.
Ìgbà wo lẹ máa sun ún, Ìyá?
"Bí oòrùn bá wọ̀. Iná ọ̀sán ò ṣeé wò,
òkùnkùn la fi ń mọ̀ bó bá jinná."

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Wọ́n to ìkòkò, wọ́n to igi, wọ́n fi koríko gbígbẹ bò ó.
Oòrùn ń pọ́n lórí páànù.
Èmi ń ká wáyà.
Lórí ọ̀kadà, mo bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan:
èéfín. Èéfín nìkan.

Mo dá àjọ fún ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin.
Mi ò ra bàtà. Mo ta fìríìjì.
Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo ra tèmi, mo sùn tì í bí abiyamọ,
mo ń jí wò ó bóyá ó ń mí.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ohun ẹni náà ń jẹun.
Ọyẹ́ dé, eruku wọ inú lẹ́ńsì,
ẹni tó lè tú u wà ní Ìbàdàn.
Oṣù mẹ́ta láìsí iṣẹ́, ó jókòó sórí kọ́bọ́ọ̀dù,
ó ń fi ojú kan ṣoṣo tó ní wò mí.
Kó tó pọ́dún, àbúrò rẹ̀ ti dé Táíwò,
ó fúyẹ́ jù ú, ó ń ríran lóru jù ú.
Bùròdá Núhù ra ìyẹn.
Ó ní, "O kú oríire o, oní-kámẹ́rà."
Mi ò mọ̀ bóyá ó ń bú mi.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí háyà rẹ̀
fún Mákànjúọlá, ọmọ Ìgbájà,
tí bàtà rẹ̀ lanu, tí kò ní onígbọ̀wọ́.
Mo fetí ara mi gbọ́ ẹnu mi:
"Kó tó di Màgàríbì o."

Lónìí, ládàánì ti perun, wọ́n ti kírun tán.
Mo jókòó síta, mo ń ka ọ̀kadà tó ń kọjá.
Mo ro olè. Mo ro kòtò Gáà Àkànbí.
Mo ro bàtà mi tí mi ò rà.
Fóònù dún.
"Àǹtí, ẹ má bínú, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iná bọ̀ ọ́ ni."
Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, nǹkan ń ta pàrà, pàrà,
obìnrin kan ń pariwo pé kí wọ́n gbé omi èèpo igi irú súnmọ́.

Mo ti la ẹnu.
Mo ní kó má pa fóònù.